“Ẹgbẹ́ Mi Ni Wọ́n”: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilẹ̀ Ìrókò àti Òwò Tí O Fẹ́ Dá Sílẹ̀

Yàrá mi, ní Ìyànà Ọ̀fà.

Àkànbí ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí àwọn adìẹ tí kì í jẹ́ kí o sùn dáadáa. Ṣé ara rẹ le? Èmi náà wà níbí, mò ń jẹun, mò ń kàwé, orúnkún mi kò sì dùn mí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Má jẹ́ kí gígùn lẹ́tà yìí bà ọ́ lẹ́rù. O mọ̀ pé n kì í lè sọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù. Bí o bá ti ń yára sọ tìrẹ báyìí, tèmi á há sí mi lọ́fun, màá kàn máa ní “ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n,” ìwọ á sì rò pé mo ti gbà. N kò gbà o. N kò sì tíì kọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí o lè kà á tán kí o tó fèsì.

Ohun tí o fẹ́ yé mi. O fẹ́ fi iṣẹ́ oko adìẹ tí ò ń ṣe ní Ẹ̀rúnmu sílẹ̀, kí ìwọ àti Délé jọ dá iléeṣẹ́ gààrí sílẹ̀. O fẹ́ kí n sọ fún Bàbá Àgbà pé mo yọ̀ǹda ilẹ̀ ẹ̀bá títì tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ìwọ àti Sìdíkátù àbúrò rẹ ní Ìrókò, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àgbà ti pè mí. Wọ́n ní, “Ìyá Mùsílíù, ọmọ rẹ ti wá bá mi. Èmi ò ní tì í síwájú, n kò sì ní fà á sẹ́yìn. Àbúrò mi tó ni ilẹ̀ ti lọ, ìwọ ló fi àwọn ọmọ lé lọ́wọ́. Ẹnu rẹ ni mò ń wò.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá ní rárá, èmi ni mo dí ọmọ mi lọ́nà. Ilẹ̀ mìíràn kò sí lẹ́yìn èyí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oko tó wà nínú igbó jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Ẹ̀bá títì yẹn nìkan ni bàbá rẹ fi òógùn ara rẹ̀ rà.

Kí n tó sọ ohun tí mo rò, jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi ń rí níbí fún ọ, torí àtibẹ̀ ni ìfura mi ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yìí, n kò ní ọ̀rẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi. Mọ́mì ni gbogbo ọmọ kíláàsì mi ń pè mí. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n á bá mi gbé báàgì, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ jókòó síbòmíì. N kò dá wọn lẹ́bi. Ta ló fẹ́ jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ilé ìwé? Nítorí náà ẹ̀yìn ni mò ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì ń rí gbogbo wọn láì jẹ́ pé wọ́n ń rí mi.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ìdáṣẹ́sílẹ̀. Dandan ni fún gbogbo wa, ì báà jẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni o fẹ́ dà tàbí ti ìṣirò. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe é, olùkọ́ wa, ọkùnrin ọlọ́yàyà kan, dúró ní iwájú, wọ́n fọwọ́ lu tábìlì, wọ́n ní, “Ta ló fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ nínú yín?” Gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Tèmi nìkan ni kò gòkè, wọ́n sì rí i.

“Mọ́mì! Ẹ̀yin ò fẹ́ ni?”

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dàmọ́lá yíjú padà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi Mọ́mì sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni Mọ́mì fẹ́ fi sin ara wọn.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ojú tì mí. Mo dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn mi kò jáde dáadáa. Mo ní, “Mo ti jẹ́ ọ̀gá ara mi rí, sà.” Olùkọ́ kò gbọ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó nítòsí mi nìkan ló gbọ́, Tọ́pẹ́ lórúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun kan ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jókòó tì mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ wá bèèrè ohun tí kálukú fẹ́ máa ṣe. Ibẹ̀ ni ariwo ti rọlẹ̀. Ẹnì kan ní, “Bísíńẹ́ẹ̀sì ni, sà.” Wọ́n ní, “Bísíńẹ́ẹ̀sì wo?” Ó ní, “Bísíńẹ́ẹ̀sì ni sà. Èyí tó bá ṣáà ti ń wọlé.” Òmíràn ní òun fẹ́ ní òṣìṣẹ́ púpọ̀. Wọ́n ní kí ni àwọn òṣìṣẹ́ náà yóò máa ṣe, ó ní àwọn ni yóò mọ̀yẹn, òun ni ọ̀gá.

Dàmọ́lá ti dá ẹ̀wù iléeṣẹ́ tirẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ náà wà ní àyà, wọ́n sì fi òyìnbó kọ “Ọ̀gá Àgbà” gàdàgbà sí ẹ̀yìn. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ni iléeṣẹ́ náà ń tà.

“Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Orúkọ ló kọ́kọ́ ń jáde. Ọjà á tẹ̀lé e.”

Tọ́pẹ́ ní, “Ṣé àyà ẹ ni ṣọ́ọ̀bù ẹ wà ni?”

“Ìwọ tó ń ta sóbò nínú ike, o tún lẹ́nu ọ̀rọ̀? O ò ní buráńdì!”

“N ò ní buráńdì lóòótọ́. O ṣáà mu méjì lánàá, o ò tíì dá ike mi padà.”

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n má rò pé mò ń fi àwọn ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti wò wọ́n fínnífínní, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Dàmọ́lá parí ilé ìwé gíga, ó wà nílé, ó ń bá ìyá wọn ṣọ́ ilé. Àwọn tó kù náà ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń pariwo pé àwọn fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ara àwọn, ohun tí etí mi ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀ ni pé, “Kò sí ẹni tó máa gbà mí síṣẹ́.” N kò fura sí wọn. Àwọn tó ń rí ẹ̀rù yẹn lójú wọn tí wọ́n sì ń fi ṣòwò ni mo fura sí.

Ọ̀kan nínú irú wọn wá bá wa ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ kóòtù nínú ooru. Ó ní kí gbogbo wa dìde, kí a pariwo pé, “N ò ní sin ẹnikẹ́ni!” Wọ́n pariwo, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sunkún. Èmi jókòó, mo ń wo ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọkùnrin tó ru ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ wọlé dúró níbẹ̀, òógùn bò wọ́n. Ó kan na ọwọ́, wọ́n sáré gbé omi fún un. “Ẹ gbà, sà.” Wọ́n padà sí ààyè wọn, wọ́n sì pariwo pẹ̀lú àwọn tó kù pé àwọn ò ní sin ẹnikẹ́ni.

Ó yá, ọkọ mi, jẹ́ kí n wá sórí tìrẹ.

Èkíní. Kí o mọ̀ bóyá iṣẹ́ lo fẹ́ àbí orúkọ tí iṣẹ́ máa sọ ọ́. Èmi kò mọ̀ ọ́n nígbà tèmi. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán ní Mọ́níyà, mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìrókò. Mo kùn ún ní ọ̀dà, mo kọ “Màdáámù” sí ara pákó, mo gbé e kọ́ síwájú. Bí ẹnì kan bá mú ṣòkòtò tó ya wá, màá ní n kì í ṣe àtúnṣe, aṣọ tuntun nìkan ni mò ń rán. Bàbá rẹ máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ṣí fìlà, á ní, “Màdáámù, ẹ kú ọ́fíìsì o. Ṣé a lè rí yín láì kọ̀wé ṣáájú?” Mo rò pé ìfẹ́ ló ń bá mi fi ṣeré. Ó ń kìlọ̀ fún mi ni. Àwọn àgbẹ̀ Ìrókò ń dá aṣọ tuntun nígbà Iléyá nìkan, àyàfi tí ìgbéyàwó bá bọ́ sí àárín. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni igi ń fa ṣòkòtò wọn ya lóko. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ràṣídà lábẹ́ igi ọ̀dán ni wọ́n ń kó o lọ. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú mi. Ìgbà tí èmi yóò fi gbà láti lẹ aṣọ, wọ́n ti mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán, wọn kò sì yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ibi tí mò ń to abọ́ sí. O bá abọ́ lórí rẹ̀ nígbà tí o gbọ́njú.

Nítorí náà, sọ fún mi: ta ni ẹ fẹ́ ta gààrí fún? Kò sí ilé kan ní Ìrókò tí wọn kì í yan tiwọn. O máa ní Ìbàdàn ni. Ta ni ní Ìbàdàn? Kí ni orúkọ ẹni tó ní òun yóò rà á? Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ lágbègbè wa ti ní àwọn tí wọ́n ń bá ṣe tipẹ́. Kí ló máa mú wọn fi àwọn yẹn sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín? O kò sọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí fún mi. Orúkọ iléeṣẹ́ náà ni o sọ, o tún sọ àwọ̀ tí ẹ máa kùn ún.

Ìkejì, òun ló sì gba oorun lójú mi. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́, mo wá gbé e fún Tọ́pẹ́ pé kó bá mi gbọ́ ọ bóyá etí mi ló ń ṣe mí. O ní: “Màámi, èmi àti Délé la jọ fẹ́ ṣe é, ìdajì-ìdajì. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ti wà, gbogbo ìyókù ti parí. Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún ọ̀gá mi. Wọ́n ní àwọn máa bá mi wá sí Ìrókò.”

Mo rò pé èrò púpọ̀ ni “wọ́n” yìí. Mo rò pé ẹ pọ̀ tí ẹ fẹ́ ṣe é. Mo pè ọ́, o rántí.

“Mùsílíù, àwọn wo ni wọ́n?”

“Délé ni, Màámi.”

“Délé àti ta?”

“Délé nìkan ni wọ́n, Màámi.”

“Ṣé àgbàlagbà ni?”

“Rárá o. Ẹgbẹ́ mi ni wọ́n.”

Ẹgbẹ́ mi ni wọ́n! Ọkọ mi, ṣé o gbọ́ ara rẹ? Ìwọ tó bá Ráṣíìdì ọmọ ilé kejì jà títí eyín rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀, nítorí pé ó fi oṣù díẹ̀ jù ọ́, ó sì ní kí o máa pe òun ní bọ̀dá. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ní Ìrókò, “ìwọ” ni ò ń pè wọ́n. Àwọn tí ẹ jọ ń kó ẹyin ní Ẹ̀rúnmu, “ìwọ” ni. Báwo ni ẹgbẹ́ kan ṣe wá di “wọ́n” láàrin wọn? O pe orúkọ rẹ̀ lásán, o kò fi bọ̀dá síwájú rẹ̀, torí o ti pinnu nínú ọkàn rẹ pé ẹ dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fẹ́ sọ ohun tó ní kí o ṣe, ẹnu rẹ á kúnlẹ̀ fún un. Ẹnu rẹ ti mọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò tíì mọ̀.

N kò ní kí o má bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Mò ń pe Bàbá Àgbà ní “wọ́n,” ìdí rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ayé. Ò ń pe ọ̀gá rẹ ní Ẹ̀rúnmu ní “wọ́n,” ìdí tìyẹn náà hàn. Ó mọ̀ pé òun ni ọ̀gá, o mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ ni ọ́, ní ìparí oṣù ó ń fún ọ ní ohun tí ẹ jọ ṣàdéhùn. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀gá tó sọ pé ọ̀gá kọ́ ni òun. Kò ní san owó iṣẹ́ fún ọ, torí ẹ jọ ni í. Kò ní jẹ́ kí o pàṣẹ, torí òun ni “wọ́n.”

Ìkẹta, mo ti rí Délé fúnra rẹ̀. N kò sọ fún ọ lórí fóònù. Ó wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa, ó gbé búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi níta kíláàsì lójú gbogbo ènìyàn. “Mọ́mì wa! Mo ní kí n wá fojú rí ìyá tó bí irú ọmọ báyìí.” Ojú ń tì mí, n kò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ sí. Mo jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. O mọ̀ pé bí n kò bá sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ ni.

Ó ní, “Mọ́mì, ilẹ̀ yẹn, ṣé ó kan títì gan-an àbí ó wọ inú díẹ̀?”

Mo ní ó kan títì.

“Mọ́tò ńlá lè yà wọ ibẹ̀?”

Mo ní ó lè yà.

“Àbúrò Mùsílíù yẹn, èyí obìnrin, ṣé ó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀?”

Àkànbí, gbọ́ ìyẹn. Kí ló kan ẹni tó fẹ́ yan gààrí pẹ̀lú Sìdíkátù? Mo wá fi ìtìjú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní, “Irú ẹ̀gẹ́ wo lẹ fẹ́ máa lò?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gẹ́? Mọ́mì, ẹ̀gẹ́ ṣáà ni ẹ̀gẹ́.”

Ọmọ Ìrókò ni ọ́. Láti kékeré lo ti mọ èyí tí a ń sè jẹ yàtọ̀ sí èyí tí a ń rin fún gààrí. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ jẹun kò mọ̀ pé ó ju irú kan lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àbúrò rẹ obìnrin ní ìpín nínú ilẹ̀.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ni fóònù rẹ̀ dún. Fóònù náà ń pariwo, mo gbọ́ ohùn ẹni tó pè é. Ohùn rẹ ni.

Ó ní, “Mo wà lọ́dọ̀ màmá ẹ. Ṣé o ti lọ síbi tí mo rán ẹ?”

Ìwọ ní, “Yẹs sà. Mo ti lọ, sà.”

“Óyá, dúró síbẹ̀ títí màá fi dé.”

“Ó dáa, sà.”

Ó gbé fóònù sápò, ó yíjú sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Ọmọ dáadáa ni, Mọ́mì. Ó máa ń gbọ́ràn.”

Ó máa ń gbọ́ràn! Ṣé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí a jọ ni òwò ní ìdajì-ìdajì nìyẹn? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sìn ín dé ọ̀nà. N kò fẹnu kan búrẹ́dì náà. Tọ́pẹ́ jẹ ẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan, ó tilẹ̀ bèèrè bóyá Délé máa tún padà wá.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní Màámi ti tún bẹ̀rẹ̀, Màámi kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, mò ń fura sí ẹni tó bá ṣe mí dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í mú. Ó lè jẹ́ pé ọmọ gidi ni Délé, pé bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní bínú sí ìbéèrè. Pè é jókòó. Sọ fún un pé, “Délé, ilẹ̀ ni èmi mú wá. Ìwọ ńkọ́, kí ni ìwọ mú wá?” Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, “ìwọ,” bí o ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, kí o wo ojú rẹ̀. Bó bá dá ọ lóhùn bí ẹgbẹ́, mo túúbá. Bó bá jẹ́ pé ìwọ ni kò lè la ẹnu rẹ sọ ọ́, o ti rí ìdáhùn gbà kó tó dáhùn.

N kò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Jẹ́ kí a fi kíkà sílẹ̀.

Mo mọ ohun tó gbé ọ dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Sìdíkátù sọ fún mi. Ọ̀gá yín pè ọ́ ní òmùgọ̀ lójú àwọn tó wá kó ẹyin, nítorí omi tí ẹlòmíràn gbàgbé láti fún adìẹ. O kò sọ fún mi, o rò pé kò ní dé etí mi. Ó dùn mí ju bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ sí èmi fúnra mi lọ. Bí mo bá wà níbẹ̀, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe, bí mo ṣe ń tijú tó yìí. Ṣùgbọ́n wò ó, má ṣe dá òwò sílẹ̀ láti fi fèsì èébú. Ọkùnrin yẹn ti gbàgbé ohun tó sọ. Ìwọ ni o ṣì ń gbé e kiri, Délé sì rí i lọ́wọ́ rẹ, ó ní kí o gbé e wá, òun mọ ohun tí a lè fi ṣe.

Ohun kan sì wà tí kò yé mi rárá. Adìẹ lo mọ̀. O lè dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ, kí o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, kí o sọ pé àìsàn ti wọlé. O sọ fún mi nígbà kan pé bí o bá ní tìrẹ, ibi báyìí ni wàá gbé ojú fèrèsé kọ sí kí oòrùn má pa wọ́n. Ò ń fi igi fà á sórí ilẹ̀ fún mi níwájú ilé, inú rẹ ń dùn. Ìgbà yẹn, mo gbọ́ ohùn ẹni tó fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí ló wá dé tó fi di gààrí? Ta ló ní kó jẹ́ gààrí? Bi ara rẹ. Bí ìdáhùn rẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “wọ́n ní,” dákẹ́ síbẹ̀.

Bí o bá sì máa kúrò ní Ẹ̀rúnmu lọ́jọ́ kan, má sá lọ. Wọ́n ní kí o má sọ fún ọ̀gá rẹ. Èmi ní kí o sọ fún un. Mú Bàbá Àgbà dání, kí ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó ṣàdúà fún ọ lójú àwọn tó ti gbọ́ èébú. Òun ló mọ ibi tí a ti ń ra òròmọdìẹ tí kì í kú, òun ló mọ àwọn tó ń ra ẹyin. Wàá nílò ẹnu rẹ̀ ju bí o ṣe rò lọ.

Mo ní ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí pé n kò tíì kọ̀. Òótọ́ ni nígbà tí mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ ìbéèrè tí Délé bi mí nípa Sìdíkátù tán, tí mo rí i lórí ìwé, mo gbé bírò sílẹ̀, mo pe Bàbá Àgbà. Ohùn mi jáde dáadáa. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fi ilẹ̀ náà lé àjèjì kankan lọ́wọ́. Bí Mùsílíù bá fẹ́ kọ́ ilé adìẹ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ì báà kéré, tí àbúrò rẹ̀ sì gbà, mo yọ̀ǹda.”

Wọ́n ní, “O ti sọ fún un?”

Mo ní, “Mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́, sà.”

Wọ́n ní, “Á bínú o.”

Mo ní mo mọ̀.

Tọ́pẹ́ ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ẹ̀rúnmu, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Má fi ọ̀rọ̀ gbígbóná ránṣẹ́ padà nípasẹ̀ rẹ̀, kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Délé yóò sọ fún ọ pé ìyá rẹ ni kò fẹ́ kí o gòkè, pé báyìí ni àwọn ará oko ṣe ń rò. Yóò sọ ọ́ dáadáa, torí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà tó bá ń sọ ọ́ ni yóò dùn mọ́ ọ jù láti fi ìbínú tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Sátidé, mò ń lọ sí Ìrókò. Sìdíkátù náà ń bọ̀. Bí o bá fẹ́ pariwo mọ́ mi, pariwo. Bí o kò bá fẹ́ jẹ oúnjẹ mi, má jẹ ẹ́. Bínú sí mi bó ti wù ọ́, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n má gbé ìbínú náà lọ síbòmíì. Bínú wá sílé.

Èmi ni,
Màámi rẹ.